Òjìji Igi Páìnì Ìjọ Wa

Túnmiṣe kì í gbà pé òun ṣìṣe. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní Sharpstown, nílùú òyìnbó níbí, bó bá sì ti pe nǹkan ní funfun, ẹni tó bá pè é ní dúdú ti wọ gàù. Èmi tí a jọ ń kọrin ní ìjọ Aládùúrà wa, mo ti wọ gàù náà léraléra.

Àrá ló pa igi páìnì ìjọ wa. Inú rẹ̀ ti jẹrà, kò ṣeé gùn, wáyà iná sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta. Apá ilé àdúrà nìkan ló lè wó sí. Nathan, agégi, ní kí gbogbo wa jáde. Ṣùgbọ́n ìyá Túnmiṣe wà nínú ààwẹ̀, lórí ẹní lábẹ́ fèrèsé, wọ́n sì fàáké kọ́rí.

Túnmiṣe ní ká fi wọ́n sílẹ̀, òun á wọn igi náà. Ó dúró nínú oòrùn, mo wọn òjìji rẹ̀: àádọ́rin ínǹṣì. Òjìji igi jẹ́ àádọ́rin ẹsẹ̀ bàtà. Ó ní bí òjìji òun ṣe rí sí gíga òun ni ti igi náà ṣe rí. Ínǹṣì mẹ́rìndínláàádọ́rin ni òun ga, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínláàádọ́rin nìyẹn fún igi. Láti ìdí igi dé fèrèsé sì jẹ́ méjìdínláàádọ́rin. Kò lè débẹ̀. Nathan gbà á gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi náà.

Ayùn ti jẹ igi kọjá ìdajì nígbà tí mo rí Túnmiṣe tó fọwọ́ kan gèlè rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì yí pa dà. Obìnrin kì í ṣí orí sílẹ̀ ní ọgbà wa. A ti wọn gèlè ínǹṣì mẹ́rin mọ́ òjìji rẹ̀, kò sì kà á mọ́ gíga rẹ̀. Èmi tí mo di tépù mú náà ò kíyè sí i. Ta ló tún ń rí gèlè ní ìjọ wa? Àádọ́rin ẹsẹ̀ bàtà gan-an ni igi náà, á dé fèrèsé.

A kígbe, Nathan pa ayùn, ṣùgbọ́n igi ti ń dún. Túnmiṣe sáré wọlé, mo tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù bà mí gidigidi.

Ìyá rẹ̀ ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, “Ṣebí ìwọ lo ní kò ní débí.”

Túnmiṣe kúnlẹ̀. “Mo ṣe mistake, Màámi. Èmi ni mo ṣì í. Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́.”

Wọ́n wò ó. Wọ́n dìde.

A ò tíì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí igi wó. Orí rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, gíláàsì sì bo ẹní náà. Màámi wo ẹní náà, wọ́n wá di ọwọ́ ọmọ wọn mú.

“Láti kékeré rẹ ni mo ti ń retí gbólóhùn yẹn,” ni wọ́n wí.

 Ẹkún ni Túnmiṣe ń sun.