Ayò Tí Omi Ẹ̀rọ Ń Dà Rú

"Màmá o! Ẹ gbà mí o, omi ti gba yàrá!"

Ọwọ́ Màmá Àgbà ṣì wà lókè, ọmọ ayò wà nínú rẹ̀, nígbà tí igbe yẹn dé láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n dá àwọn ọmọ ayò padà sínú ihò tí wọ́n ti kó wọn, wọ́n tú ìborùn wọn, wọ́n fi bo ọpọ́n. "Má fọwọ́ kàn án o. Mò ń bọ̀." Wọ́n ká ìró sókè, ó di ẹ̀yìnkùlé. Mo jókòó ti ọpọ́n bí ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé onílé.

Ìyá màmá mi ni wọ́n. Láti Èkìtì ni wọ́n ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Oregun, nínú ilé tí bàbá mi kọ́ sẹ́yìn ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan. Tí wọ́n bá ti ń yan bisikíìtì lọ́wọ́, òórùn ṣúgà àti bọ́tà á gba gbogbo àdúgbò, tírélà á máa hó lójú títì, àwa méjèèjì á gbé ọpọ́n jáde sí fàráńdà. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé nìkan ni mo ní wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ló ni mí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì ló ni wọ́n. Àwọn kan máa ń sọ pé eré ọkùnrin ni ayò. Màmá Àgbà á ní bàbá àwọn ló kọ́ àwọn, kí ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní ọkùnrin wá jókòó.

Ẹnu wọn mú nídìí ayò. "Òpè! Ojú ló ń là sílẹ̀, kò ríran!" Òpè ni ẹni tí kò mọ ayò ta, ọ̀ta ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ta. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ láyé nígbà náà ni kí Màmá Àgbà pè mí ní ọ̀ta.

Ilé ò jẹ́. Bí fíùsì ò bá jó, ayálégbé kan á ti ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́nú yàrá, òmíràn á gbàgbé ẹ̀wà lórí iná. Bàbá mi kì í sí nílé, Màmá Àgbà ni gbogbo wọn ń ké pè. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yọ mí lẹ́nu tó Ìyàwó.

Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pe obìnrin tuntun tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Tó bá ṣí ẹ̀rọ tí omi ò yọ, á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ṣíṣí, á bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó dàgbà sí Èkó mọ̀ pé ẹ̀rọ tó gbẹ gan-an ló yẹ kéèyàn tì dáadáa. Ìgbà tí omi bá dé, ilé á di odò, Ìyàwó á figbe ta.

Mo jowú rẹ̀. Owú ni, mi ò ní fi orúkọ mìíràn pè é.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti kó odù jọ, ihò mi kan kún fọ́fọ́, ọmọ ayò Màmá Àgbà ò sì pọ̀ mọ́. Wọ́n ti ṣíwọ́ yẹ̀yẹ́. Ó kù díẹ̀ kí n jẹ wọ́n. Mo dúró títí, wọn ò dé, ni mo bá lọ yọjú.

Màmá Àgbà àti Ìyàwó wà lẹ́sẹ̀ lásán, wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi jáde. Màmá Àgbà ń bú u, ó ń rẹ́rìn-ín, Màmá Àgbà náà ń rẹ́rìn-ín jù ú lọ. Èdè Èkìtì ni wọ́n ń sọ, ó ń tú jáde wàràwàrà, mi ò sì gbọ́ ju ìdajì lọ. Nínú ilé tiwa, Yorùbá Èkó àti Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ, Màmá Àgbà sì máa ń ṣa ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bá wa sọ ọ́. Wọn ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mi rí.

Inú bí mi. "Màmá Àgbà, ayò wa ńkọ́? Ẹ ní kí Àǹtí yìí lọ pe màmá tiwọn."

Màmá Àgbà fi ìgbálẹ̀ ti ògiri.

"Màmá tirẹ̀ ti kú. Ìyàwó, nu ẹsẹ̀ rẹ, jẹ́ ká lọ."

Orí àpótí mi ni wọ́n fi í jókòó sí. Èmi dúró ti ògiri. Wọ́n ṣí ìborùn kúrò lórí ọpọ́n, wọ́n wò ó, wọ́n mi orí.

"Wo ohun tí ọmọ yìí fojú mi rí. Ọ̀ta ni. Òun ló máa kọ́ ẹ."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí ni wọ́n sọ yẹn, ṣùgbọ́n Ìyàwó ni wọ́n sọ ọ́ fún. A ò parí ayò ọjọ́ náà.

Nígbà tí Màmá Àgbà kú, Èkìtì la ti sin wọ́n. Ìyàwó wá, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Kò tíì wọlé tán tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki wọ́n ní èdè wọn, ẹkún àti oríkì lù pọ̀, àwọn obìnrin ilé ń gbè é. Mo dúró, omijé ń bọ́ lójú mi. Ìyá arúgbó kan fà mí láṣọ, ó tọ́ka sí i: "Ṣé ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó nìyẹn?" Mo ní, "Rárá, mà. Èmi ni."

Mo ṣì ń jowú rẹ̀. Síbẹ̀ mo máa ń pè é lórí fóònù. Màá ní àlàáfíà àwọn ọmọ ni mo fẹ́ béèrè, irọ́ ni. Kò tún sí ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń dún bíi ti Màmá Àgbà. Tó bá ti ń sọ̀rọ̀ lọ, màá tẹ fóònù mọ́ etí. Tó bá wá ní òun ń gbóòórùn ọbẹ̀ tó ń jó lórí iná, kí n jẹ́ kí òun sáré lọ wò ó, màá ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jó."