Ẹni Tó Di Okùn Mú Kì í Kí Ènìyàn

Ìkíni ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pa Mautin. Kì í ṣe ìjà, kì í ṣe ọtí. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, àwọn èèyàn máa ń rò pé àwàdà ni.

Iyanrìn la ń wa nínú ọ̀sà ní Iworo nígbà náà. Owó epo ti dé, wọ́n ń la títì tó gba Morogbo kọjá, gbogbo ayé ló ń kọ́lé. Àwa mẹ́ta la wà nínú ọkọ̀ igi kan: Ẹ̀gbọ́n Hunsu tó ni ín, Mautin ọ̀rẹ́ mi, àti èmi. Ẹni tó bá kàn yóò mí kanlẹ̀, yóò gba ara àkàbà igi sọ̀kalẹ̀ sínú omi pẹ̀lú garawa irin. Okùn wà lára garawa, ẹnì kan ló ń dì í mú lókè. Bí okùn bá mì lẹ́ẹ̀kan, garawa ti kún nìyẹn. Bó bá mì lẹ́ẹ̀mejì, wàhálà ti dé.

Lọ́jọ́ náà, Mautin wà nísàlẹ̀, okùn wà lọ́wọ́ mi. Ni ọkọ̀ tó gbé Bàbá Ìjọ wa bá ń kọjá lọ. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé kì í jókòó kí irú àgbà bẹ́ẹ̀. Mo fi okùn sílẹ̀, mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn tútù inú ọkọ̀.

"Ẹ kú ìrìn o, Bàbá!"

"Ọmọ dáadáa. Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà."

"Ìyàwó ńkọ́?"

Ẹ sáà mọ bí a ti ń kíni. A béèrè ilé, a béèrè ọ̀nà, ó kù díẹ̀ ká béèrè adìẹ. Nígbà tí mo dìde, okùn ti ń yọ́ bọ́ sómi, n kò sì mọ iye ìgbà tó ti mì. Mo já lù ú. Ó mì lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, kò mì mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n!"

Ẹ̀gbọ́n Hunsu tó ń gbọ́n omi nídìí ọkọ̀ ò tiẹ̀ bọ́ ẹ̀wù kó tó bẹ́ sómi. Mo fa okùn, garawa òfìfo ló bá a wá. Kí ni mo máa lọ sọ fún ìyá Mautin ní Topo?

Iyanrìn ló ya bo ẹsẹ̀ Mautin dé orúnkún. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n gbé e jáde, ojú rẹ̀ ti yí, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú rẹ̀. A dà á dojú bolẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn títí omi fi tú jáde, tó sì wúkọ́. Mo sunkún bí ọmọdé, n kò sì fi pamọ́.

Àwọn tó ń ra iyanrìn lọ́wọ́ wa gbọ́, wọ́n fi ìwé òfin ránṣẹ́, ó nípọn bí ìwé orin. Èmi ni mo kà á sí Ẹ̀gbọ́n létí. Ọ̀kan ní ká máa wọ akoto irin àti bàtà aláwọ.

"Bàtà? Lábẹ́ omi?" Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ tètè le. "Nínú gbogbo èyí, èwo ni ì bá gba Mautin sílẹ̀?"

"Kò sí, ẹ̀gbọ́n."

"Kí wá ni ì bá gbà á?"

"Ká ní mi ò kí Bàbá ni."

"Ó tán. Ẹni tó bá di okùn mú kò gbọdọ̀ kí ènìyàn, kò gbọdọ̀ dá ènìyàn lóhùn, ọba ì báà máa kọjá. Òfin wa kò ju ìyẹn lọ."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè wá ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ káàkiri etí ọ̀sà. Ó dùn mí wọra.

Lóṣù kejì, Mautin padà sínú omi. Èmi ló ní kí n di okùn mú. Bó ṣe lọ sísàlẹ̀ báyìí ni ìyá rẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré dé láti Topo. Ó kí mi lédè Ègùn, n kò dáhùn. Ó tún kí mi ní Yorùbá, ó pe orúkọ bàbá mi mọ́ ọn. Ojú tì mí, òógùn bò mí, àmọ́ mo tẹjú mọ́ okùn. Ẹ̀gbọ́n Hunsu fẹ́ ṣàlàyé fún un. Màmá na ọwọ́ sí i pé kó dákẹ́. Ó gbé àjẹ̀ lé itan, òun náà tẹjú mọ́ okùn.

Okùn mì lẹ́ẹ̀kan. Mo fà á. Mautin jáde tẹ̀lé garawa, ó ń mí gúlegúle. Ìgbà yẹn ni mo tó fi okùn sílẹ̀ tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Dìde," ni ó wí. "Ká ní o dá mi lóhùn ni, ǹ bá ti mú ọmọ mi relé lónìí."