Ẹni Tó Mọ Àwòrán Yà

Oníméjì ni wọ́n ń pè é nílé. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í pa á lẹ́rìn-ín mọ́. Ọdún mẹ́rin ni ọmọbìnrin yìí fi kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì. Nígbà tí gbogbo ilé rò pé ó ti parí, ó tún padà lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ayélujára. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń tún kọ̀ǹpútà ṣe o. Bí àwa èèyàn ṣe ń gbé inú ẹ̀ ni, bí a ṣe ń jà níbẹ̀, bí a ṣe ń kọ "ẹ kú ọjọ́ ìbí" sí ọ̀rẹ́ tó ti kú. Ohun tó fẹ́ kò ju kó máa fi pẹ́ńsùlù ya gbogbo ẹ̀, kó sì máa jẹun nídìí ẹ̀.

Wọ́n ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Ta ló wá fẹ́ ra oògùn tí kò lórúkọ? Àwọn ayàwòrán ní oníkọ̀ǹpútà ni. Àwọn oníkọ̀ǹpútà ní ayàwòrán ni. Àwọn ará àdúgbò ní tiwọn ń gbé fóònù tó ti kú wá kó bá wọn jí i. Ọdún méjì ló fi ń gbọ́ "a máa pè yín."

Àbúrò bàbá rẹ̀, télọ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí: "Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi." Bàbá rẹ̀ nìkan ló ń gbè é lẹ́yìn, bàbá tó fi ogójì ọdún kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sára pátákó kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òun náà ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ títí oṣù yìí á fi parí. Bí kò bá rí nǹkan kan, á wá ránṣọ." Ẹ̀rù ba Oníméjì. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi lè jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn, ó parí nìyẹn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù parí ló rí ìkéde kan: "A ń wá ẹni tó mọ àwòrán yà dáadáa, tó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ayélujára." Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kà á sí bàbá rẹ̀ létí. Bàbá ò tiẹ̀ wá bàtà tó fi lọ bá télọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ kejì, ó kó ọgbọ̀n àwòrán sínú fáìlì ńlá, ó gbé e há abíyá. Yàrá kan lókè àtẹ̀gùn ni ọ́fíìsì náà: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, bẹ́ǹṣì tí èèyàn mẹ́fà jókòó sí tí wọ́n ń retí, aṣọ funfun tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ ògiri. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀, obìnrin ni, ṣí fáìlì. Ó wo àkọ́kọ́, ó wo ìkejì.

"Ó mà dára o. Ta ló yà á?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ fọwọ́ yà á?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ìkà. "Háà, àǹtí, kámẹ́rà là ń sọ. Ojú àwọn tó fẹ́ gba káàdì ìdánimọ̀ lẹ máa yà, ẹ ó fi ránṣẹ́ lórí ayélujára. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí."

Kí lèèyàn fẹ́ sọ? Tọwọ́ o, ti kámẹ́rà o, yíya ni yíya lẹ́nu wa. Oníméjì ti fáìlì sábẹ́ tábìlì, ó gba kámẹ́rà.

Lọ́sàn-án, bàbá rẹ̀ pè é.

"Wọ́n gbà ọ́?"

"Wọ́n gbà mí, bàámi."

"Àwòrán ni wàá máa yà?"

"Àwòrán ni."

"Ayélujára yẹn náà ńkọ́?"

"Ibẹ̀ náà ni mò ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí."

Kò purọ́ ẹyọ kan. Ó gbọ́ tí bàbá ń fa imú. "Mo ń bọ̀ lọ́la," bàbá ní. "Mo fẹ́ kó o yà mí. Mo mọ̀ pé ó máa ń pẹ́, mo máa gbé ìrọ̀rí tí mo máa jókòó lé wá."

"Ẹ máa bọ̀, bàámi."

Ọkùnrin tó kàn ti dúró síwájú aṣọ funfun. Oníméjì ní kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ó tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti tán.