Ìjánu Tí Mo Rán fún Olóyè

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Títí di òní ni inú ń bí mi tí mo bá rántí pé lójúde gbangba ni wọ́n ti ní mo gbàgbé abẹ́rẹ́ sínú ìjánu ẹṣin. Èmi tí mò ń ka abẹ́rẹ́ mi láàárọ̀, tí mo tún ń kà á nírọ̀lẹ́. Nígbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́ awọ ní Ọ̀yọ́, mo sọ ẹyọ kan nù, ọ̀gá mi sì ní kí n tú àpò mẹ́ta tí mo ti rán tán títí mo fi rí i. Láti ọjọ́ náà, abẹ́rẹ́ kò sọnù lọ́wọ́ mi mọ́.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wálé, oyè sì ń wù wọ́n jẹ. Olóyè Fágbohùn, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkẹ́rẹ́. Ó ní ẹṣin lòun máa gùn lọ́jọ́ ìwúyè òun, kí n ṣe ìjánu tuntun: awọ tó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹṣin, àti irin tó ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo fara balẹ̀ ṣe é.

Lọ́jọ́ ìwúyè, wọ́n ránṣẹ́ pè mí ní kíá. Mo bá ẹṣin lójúde, ó ń mi orí bí ẹni tí oyin ń ta. Ìyá àgbà kan ti ń sọ pé ẹṣin kọ olóyè, pé oyè kò tọ́ sí i. Olóyè kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn rìn jìnnà, ló bá nawọ́ sí mi.

"Uṣẹ́ ọwọ́ rẹ rè é. O gbàgbé abẹ́rẹ́ sínú awọ."

"Olóyè, abẹ́rẹ́ mi pé."

"Ṣé ẹṣin ló ń purọ́?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọkùnrin méjì tó ti ní kí n rán gàárì fún àwọn kò wo ojú mi mọ́. Mo mọ̀ pé tí mo bá lọ sílé báyìí, iṣẹ́ mi ti parí nílùú yẹn.

Mo bọ́ ìjánu, mo fi okùn lásán so ẹṣin. Ó dúró jẹ́ẹ́.

Ẹnì kan ní, "Ẹ ò rí i? Ìjánu náà ni."

Mo tú irin kúrò lára awọ, mo fi awọ nìkan dè é lórí. Ẹṣin kò mirí. Ó ku irin. Ó dán ju bí mo ṣe fi ránṣẹ́ lọ. Mo fi ahọ́n kàn án, mo sì tutọ́ kíá, nítorí ó ta mí lẹ́nu, ó sì ń rùn bíi kẹrosíìnì.

"Ta ló fi nǹkan nu irin yìí?"

Olóyè ní, "Èmi ni. Mo fi pólíìṣì nù ún láàárọ̀, kó lè dán nínú fọ́tò. Kí ló burú níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ẹ fi sẹ́nu wò, sà."

Mo fi ọṣẹ fọ irin lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ṣan ẹnu ẹṣin, mo tún ìjánu dè. Orí ẹṣin dúró. Olóyè rẹ́rìn-ín, ó ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó nawọ́ láti gba okùn ìjánu lọ́wọ́ mi. Mi ò fún un. Ọlọ́run kọ́ ló pè mí ní aláìmọṣẹ́.

"Olóyè, ojúde yìí lẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti tún un ṣe."

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo àwọn èèyàn. Ó wá rọra sọ ọ́ pé, "Ọ̀gbẹ́ni yìí ò jẹ̀bi."

Mo ní àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́.

Ó gbé ohùn sókè, ó tún un sọ, ó sì dárúkọ mi.