Ẹní Bùràímọ̀ Télọ̀

Àwọn télọ̀ Èjìgbò a máa sùn sí ṣọ́ọ̀bù bí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n Iléyá ọdún 1991 ti kọjá lóṣù méjì, Bùràímọ̀ ṣì ń tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Ràfíátù ìyàwó rẹ̀ fura pé ó ń gbé obìnrin wá síbẹ̀. Ó yọ sí i láàárọ̀, kò bá obìnrin kankan. Ike oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló bá. Ọkọ rẹ̀ jẹ́wọ́ pé látìgbà tóun ti ń lò ó, nǹkan ọkùnrin òun kò dìde mọ́.

"Èyí lẹ ń bò mọ́lẹ̀? Ẹ wọ bàtà."

Ní ọsibítù, dókítà ní, "Ara yín ò bàjẹ́, bàbá. Oògùn yìí ni ò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn débẹ̀ dáadáa. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Màá pààrọ̀ rẹ̀."

Nígbà tó fi máa pé oṣù méjì sí i, àgbàdo ni Ràfíátù ń sá lórí ẹní náà nílé.