Ohun Tó Bá Ti Gba Nọ́ńbà

Tíṣà ni gbogbo ilé ń pè mí, bẹ́ẹ̀ wíwa ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀ ni mo kọ́ ní yunifásítì. Nígbà tí musíọ̀mù ní kí n wá kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, ara mi bù máṣọ. Ìyá mi nìkan ló fajú ro. "Àwọn tó ń tọ́jú ẹrù òkú, ṣé wọ́n mọ alààyè tọ́jú?"

Màmá tó ń tọ́jú ẹrù níbẹ̀ mú mi wọ yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Ó fi yíǹkì pupa kọ nọ́ńbà sẹ́yìn àpáàdì kan: 4116.

"Ohun tó bá ti gba nọ́ńbà níbí, kì í jáde mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó na káàdì ìdánimọ̀ mi sí mi. Yíǹkì pupa yẹn náà ló fi kọ nọ́ńbà sí i: 4117.

Mo yẹ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò. Wọn ò kọ orúkọ ohun kankan sẹ́gbẹ̀ẹ́ 4115.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló gba 4115?"

Ó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn. "Ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ ṣáájú rẹ ni. Fọkàn balẹ̀, a tọ́jú rẹ̀ dáadáa."