Ìkẹrin Nínú Ẹni Mẹ́ta

Bí ẹ bá dé Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ béèrè ọkùnrin tó fi ìdọ̀bálẹ̀ pàdánù mẹ́dàlì, kò sẹ́ni tí kò ní dárúkọ olóògbé Uncle Sábírì fún yín. Ọmọ Mísírà, ìyẹn Íjíbítì, ni, ọkọ Auntie Afusat, nọ́ọ̀sì ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé ní Yarnton Way. Dísíkọ́ọ̀sì ló máa ń jù, àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n fi irin yí etí rẹ̀ po. Lọ́dún tí à ń wí yìí, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ó sì lọ bá àwọn àgbàlagbà ẹgbẹ́ rẹ̀ díje. Àwọn mẹ́ta péré ló wá. Ẹni tó bá ti lè ju àwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìrú òfin, mẹ́dàlì dọwọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Òfin ọ̀hún kò sì le: olùdíje kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú òbìrìkìtì tí wọ́n fà sílẹ̀ títí àwo yóò fi balẹ̀. Uncle ti ba méjì jẹ́. Ó ju ẹ̀kẹta tó gbẹ̀yìn, àwo gbéra, ó ń lọ dáadáa. Àfi bí Àlàájà Nusirat, ìyá ìyàwó rẹ̀, ṣe yọ lẹ́nu géètì pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Àna dé! Àwo ṣì wà lókè nígbà tí Uncle ti wà nílẹ̀ gbalaja, tí àyà rẹ̀ ti kọjá ìlà.

"Ẹ káàbọ̀, Mà!"

Rẹfirí gbé àsíá pupa sókè, ó ní ṣé ara rẹ̀ le, ṣé ó ṣubú ni.

"Rárá," ni Uncle dáhùn láti ilẹ̀, "ìyá ìyàwó mi ló dé."

Rẹfirí tú ìwé òfin rẹ̀ títí, kò bá àna níbẹ̀.

Ká má purọ́, iṣẹ́ àwo jíjù Uncle kò gùn, ìtàn rẹ̀ ló gùn. Ìdíje ńlá mẹ́ta ló bá Mísírà lọ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ìkẹrin ló sì ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ò ní gbọ́ ọ kó fi ìtìjú sọ ọ́. Á ní, "Ẹni àkọ́kọ́ ń bẹ̀rù ẹnì kejì. Ẹni ìkẹta ń bẹ̀rù ìkẹrin. Ta ni ìkẹrin ń bẹ̀rù?"

Teslim, tí òun àti Uncle jọ ń wa bọ́ọ̀sì, ló bi í nípa ìdíje àwọn àgbàlagbà yìí.

"Uncle, which position lẹ wá ṣe?"

"Ìkẹrin."

"Ah-ah! Ṣebí three people lẹ jẹ́!"

"Mẹ́ta ni wá. Ṣó o wá rí i pé kò easy."

Pápá Woolwich Common ló ti máa ń gbára dì, níwájú bárékè àwọn sójà gan-an. Lọ́jọ́ kan, sójà kan wá bá a, ó ní kí ló ń jù sí àwọn. Uncle ní, "Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni mò ń jù ú sí, ẹ ò bá ti mọ̀." Wákàtí kan gbáko ni Auntie Afusat fi bẹ sójà.

Auntie náà kò mọ iyì àwo yẹn púpọ̀. Ìgbà kan, ọkọ rẹ̀ wá a káàkiri ilé, orí ìkòkò ló bá a, tó ń tẹ ọmọrí mọ́lẹ̀ kí ooru má baà jáde.

"Afusat! Iṣẹ́ ayé mi lo fi ń se mọ́ínmọ́ín?"

"Daddy, ẹ fara balẹ̀. Òní ló wúlò jù."

Ẹ̀rín nìyẹn. Àmọ́ nǹkan kan wà tó ń dun Uncle tí kì í fi ṣẹ̀fẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi jẹ́ ọkọ Afusat, Àlàájà kò sì pè é lọ́mọ rí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyá náà fẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé ní Tavy Bridge, òjò ń rọ̀, Uncle sì dọ̀bálẹ̀ sínú àgbàrá bí ìyàwó rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Àlàájà yà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi gbé ọkùnrin yìí o, ó ti yọ̀ ṣubú." Láti ọjọ́ náà, "Mísítà" ló ń pè é. Lórí pápá tí mẹ́dàlì ti bọ́ yẹn náà, ohun tó sọ ni, "Dìde, Mísítà, aṣọ ẹ ti dọ̀tí." Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkọ́kọrẹ́ ránṣẹ́: "Ẹ gbé e fún Mísítà." Uncle á jẹ ẹ́ tomijé tomijé, á ní ata ni.

"Ó ku díẹ̀," ló máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Á pè mí lọ́mọ kí n tó kú."

Lóṣù Fẹ́búárì tó kọjá, Uncle Sábírì sùn, kò jí mọ́.

Àlàájà kì í pa ìsìnkú jẹ. Òjò ni o, yìnyín ni o, ó máa ń bá òkú dé sàréè. Nígbà tí Teslim gbé mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú Uncle, ó ti múra tán, ó ti wé ìborùn, ṣùgbọ́n kò dìde lórí àga. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Inú bí Auntie Afusat.

"Mummy, títí dé sàréè náà lẹ ò ní gbà á?"

Ìyá dá ọmọ rẹ̀ lóhùn.

"Afusat, ṣé o ti gbàgbé àṣà ilé ni? Ìyá kì í wo sàréè ọmọ ẹ̀."

Auntie kúnlẹ̀ síbi tó dúró sí, ó bú sẹ́kún. Ó dun gbogbo wa pé ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún retí ọ̀rọ̀ yẹn kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n gbé e sínú ilẹ̀ tán, Teslim bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá sàréè, ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jíṣẹ́.

"Uncle, Àlàájà ní kò lè wá. Ó ní ọmọ òun ni yín."